Lẹ́tà Tó Wá Láìlámì

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Bó bá jẹ́ àárọ̀ ni lẹ́tà yìí dé ọwọ́ yín, ẹ kú àárọ̀. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ bá mi yí i padà. Orúnkún ìyá mi ńkọ́? Ara èmi le, ara ọkọ mi náà le. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kó rójú sinmi, ṣùgbọ́n kì í ráhùn.

Mo gba lẹ́tà mi tí ẹ dá padà. Mo rí i pé mo pè yín ní "bàbá mi ọwọ̀n", ẹ sì fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ẹ kì í ṣe òpó. Ẹ má bínú. Ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, bírò pupa yín ni kò tíì fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbi iṣẹ́ mi tó ń dà mí láàmú. Ẹ mọ̀ pé ètò kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ. Bí télọ̀ ṣe ń jókòó ti máṣíìnì rẹ̀ ránṣọ, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ní ẹ̀rọ kan nínú kọ̀ǹpútà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Télọ̀ a máa ní àwọn nǹkan kéékèèké tó ń so mọ́ máṣíìnì, èyí fún síìpù, èyí fún ojú bọ́tìnnì. Èmi náà ní tèmi, ẹsitẹ́ńṣọ̀n là ń pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ lọ́dún tí mo dé ìlú òyìnbó yìí. Òun ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún mi, nítorí inú ẹ̀rọ iṣẹ́ yẹn náà ni mo ti ń kọ lẹ́tà sí yín. Bí kò bá sí i ni, bírò pupa yín ì bá ti gbẹ.

Wàyí o, ọ̀gá mi ní kí gbogbo wa kó lọ sínú ẹ̀rọ tuntun kí oṣù yìí tó parí. Ẹ̀rọ tuntun kò sì gba ẹsitẹ́ńṣọ̀n mi wọlé. Ó ní ó ti gbó jù. Ọkọ mi ní kí n jù ú nù, kí n bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo ní mi ò jù ú nù. Ohun tó ti bá mi jìyà, a ó jọ jẹ ìgbádùn ni.

Bàbá, kí ló dé tí ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́? Ìgbà gbogbo ni ìyá mi ń sọ pé ẹ wà nílé ìwẹ̀. Ta ní ń wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Èmi ni ọmọ yín,
Àbígbẹ̀yìn


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Àbígbẹ̀yìn mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Orúnkún ìyá rẹ wà níbẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ó ń dùn ún, kí n sì tún sọ fún ọ pé kò dùn ún kí o má bàa ronú. Mo ti sọ méjèèjì.

Lẹ́tà rẹ dára. Ibi márùn-ún péré ni mo yí.

Ní ti ẹsitẹ́ńṣọ̀n, ọ̀rọ̀ náà kó ìpayà bá mi. Mo mú lẹ́tà rẹ lọ bá oníṣẹ́ iná tó ń tún fáànù ṣe ní ìkóríta. Ó kà á, ó mirí. Ó ní ẹsitẹ́ńṣọ̀n tó bá ti lo ọdún tó báyẹn, wáyà inú rẹ̀ á ti yọ́, kí o má kì í bọ ihò iná tuntun rárá. Ó béèrè bóyá ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni tàbí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní bí ihò ibẹ̀ bá jẹ́ róbótó, tí ẹsẹ̀ tìrẹ sì jẹ́ pẹlẹbẹ, agídí ni yóò dáná sun yín. Ọkọ rẹ sọ òótọ́. Jù ú nù.

Ohun tí kò yé mi ni ti àmì orí ọ̀rọ̀ tí o ní ẹsitẹ́ńṣọ̀n ń fi sí i. Oníṣẹ́ iná náà ní òun kò rí irú ẹ̀ rí.

Ìyá ọkọ rẹ kọjá níwájú ilé wa lánàá. Òun àti ìyá rẹ kò tíì kí ara wọn láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín, tí wọ́n jọ du àga iwájú. Ìyá rẹ wo ojú ọ̀run, àna wa wo ilẹ̀. Èmi nìkan ni mo kí wọn.

Ní ti fóònù, ìwẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó bá wù ọ́ láti sọ, kọ ọ́. Ìyá rẹ ní kí ẹ fi fọ́tò ẹ̀yin méjèèjì ránṣẹ́, kí òun rí bóyá ẹ ti rù.

Bàbá rẹ


2 osu keta

Baba mi owon,

E ku irole. Mo kanju ni. Won ti pa ero atijo, a ti ko wo inu tuntun, esitenson mi ko si sise nibe rara. Idi niyi ti ko fi si ami kankan lori leta yii. Ki e to mu biro pupa, e jowo, e fi ogbon ka a.

Mo fe ki e gbo lati enu mi ki e to gbo lenu elomiran. Mo ti ta oko mi atijo. Oko mi ko koko fe ki n ta oko mi, o tile binu die, sugbon nigba to ri oko tuntun, o rerin. Eyi atijo ti n daamu mi tipe. Ti mo ba fe jade laaro, ko ni dahun. To ba dahun, a maa wuko, a maa gbon. O tun n mu ju. Obinrin kan ni adugbo wa lo gba a lowo mi. O ni oun mo bi won se n tun iru re se, ki n fi oun ati e sile.

Tuntun yii pupa, o kuru die, ko si lariwo. Obinrin tisa kan lo ti n lo o fun odun meji, ko si si apa kankan lara re. Gbogbo Satide ni mo n we e. Oju gbogbo adugbo lo wa lara wa.

E ba mi so fun iya mi. Mo mo pe won maa yo.

Omo yin,
Abigbeyin


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo fi ọgbọ́n kà á gẹ́gẹ́ bí o ti wí. Ọgbọ́n náà ló fẹ́ pa mí.

Mo jókòó bí tíṣà, mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ oko tí à ń dá ni, oko kì í wúkọ́. Bó bá jẹ́ ọkọ́ tí à ń fi ro ilẹ̀ ni, ta ní ń wẹ ọkọ́ ní gbogbo Sátidé? Orí ọkọ̀ ni mo fẹ́ fàbọ̀ sí, ṣùgbọ́n o ti kọ̀wé sí mi láìmọye ìgbà pé ọkọ̀ ojú irin lo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì tíì gbọ́ pé ẹnì kan ta ọkọ̀ ojú irin fún obìnrin àdúgbò. Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo. Mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á. Òun náà ni.

O ní ọkọ rẹ kò kọ́kọ́ fẹ́ kí o ta òun. Èwo ni ọkọ tí yóò fẹ́? O ní ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí ọkọ tuntun. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ṣé torí pé ènìyàn ń wúkọ́ la ṣe ń fà á fún obìnrin àdúgbò? Èmi náà ń wúkọ́. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń wúkọ́ nínú ilé yìí, ìyá rẹ kò tà mí.

Mo fẹ́ fi í pa mọ́ fún ìyá rẹ, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi. Ó gba lẹ́tà náà, ó kà á lórí ìdúró. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé pupa náà níṣẹ́ lọ́wọ́?" Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Kí n tó wọ bàtà, ó ti dé ilé ìyá ọkọ rẹ. Ó kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Àna wa rò pé ó wá tọrọ gáfárà lórí ọ̀rọ̀ àga, wọ́n ní, "Ó ti tán, dìde." Ìgbà tí ìyá rẹ wá sọ ohun tó gbé e wá, àwọn náà kúnlẹ̀. Bí mo ṣe bá wọn nìyẹn, àwọn méjèèjì lórí eékún, wọ́n di ara wọn mú.

Wọ́n pe fóònù ọkọ rẹ, kò lọ. Àna wa ní ó dájú, obìnrin àdúgbò ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yára wá ìyàwó mìíràn fún ọmọ wọn, ọmọ oníbàtà tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Wọ́n ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yín. Mo ní kí wọ́n dúró gbọ́ tẹnu rẹ. Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló lẹ sítáǹpù.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà wá sí ìpàdé ẹbí tí a pè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òun nìkan ló béèrè iye tí o tà á. Mo ní kó máa lọ sílé.

Ìyá rẹ ní òun kò ní gbé fóònù rẹ títí ọkọ rẹ yóò fi padà sílé. Àwa kọ́ la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò tíì rí èsì lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀fun, mi ò lè dúró. Ẹ wò ó, àmì ti padà. Ẹ bá mi yọ̀, kí ẹ sì bá mi kẹ́dùn.

Nínú gbogbo ẹsitẹ́ńṣọ̀n, fáìlì kékeré kan wà tó ń sọ irú ẹ̀rọ tó lè bá ṣiṣẹ́. Tèmi sọ pé ẹ̀rọ kẹrin ni òun mọ. Ẹ̀rọ tuntun jẹ́ ìkẹfà, ìdí nìyẹn tó fi tì í sẹ́yìn. Mo ṣí fáìlì náà, mo pa mẹ́rin rẹ́, mo kọ mẹ́fà sí i, bí ẹni tó dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù torí àtiríṣẹ́. Ẹ̀rọ tuntun gbà á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ti lẹ́nu tán, mò ń pe ọkọ mi pé kó wá wo ọgbọ́n orí.

Mi ò mọ̀ pé ó wọlé ni, kò gbọ́ èdè ilé. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, á kọ́kọ́ béèrè bóyá lẹ́tà ni tàbí iṣẹ́. Ẹ̀rọ tuntun ti yí bí wọ́n ṣe ń béèrè padà. Ẹsitẹ́ńṣọ̀n mi béèrè, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn, ó bá gbà pé lẹ́tà sí bàbá mi ni gbogbo nǹkan. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi sì ni ètò tí àwọn ilé ìtajà fi ń tẹ rìsíìtì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo rìsíìtì ló ń jáde pẹ̀lú àmì lókè àti àmì nísàlẹ̀. Ẹni tó ń ta kọ́tìnnì rò pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òun ló ń tu yíǹkì, ó tú u palẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà kú. Ẹni tó ń ta òdòdó ní tirẹ̀ kọ̀wé pé ó rẹwà, kí a má yọ ọ́.

Ọ̀gá mi kò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó kàn ní kí n wá rí òun lọ́jọ́ Ajé. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọkọ̀ mi tuntun nìkan ló ń mú inú mi dùn. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó ti dáhùn. Mi ò sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé mo ti ń wakọ̀ láti ọdún tó kọjá, torí mo mọ̀ pé ẹ ò ní sùn mọ́. Ọkọ mi náà ti ń wà á lọ sí ọsibítù. Fóònù rẹ̀ bọ́ sínú garawa omi níbẹ̀, a ò tíì ra òmíràn.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ló ṣe ìyá mi? Bí mo bá pè, wọn kì í gbé e. Ṣé àwọn náà ti wọ ilé ìwẹ̀ ni?

Ọmọ yín,
Àbígbẹ̀yìn


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹta

Àbígbẹ̀yìn mi,

Lẹ́tà rẹ dé láàárọ̀ yìí. Mò ń kà á lọ, inú ń bí mi, àfi bí mo ṣe dé orí ọ̀rọ̀ kan tí mo rí àmì ohùn ìsàlẹ̀ lórí fáwẹ̀lì tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀. Mo wo kọ́kọ́rọ́ tó tẹ̀ lé e.

Mo gba ilé àna wa lọ. Mo bá àwọn ìyá yín méjèèjì lórí àga gígùn kan náà, wọ́n ń wọn aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa lọ tọrọ ọmọ oníbàtà. Mo ní, "Ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ ló tà." Àna wa gba lẹ́tà, wọ́n gbé e lọ sí ojú fèrèsé, wọ́n fi èékánná ha orí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní, "Ṣé ó dá yín lójú pé àmì ni, kì í ṣe ìgbẹ́ eṣinṣin?" Nígbà tó dá gbogbo wa lójú tán, ìyá rẹ ní, "Ta ló ní kó máa wakọ̀?" Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìbínú mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń bínú ni.

Bí fọ́tò ọmọbìnrin kan bá dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí i.

Ọmọ mi, foríjì mí. Mo ní láti sọ nǹkan kan fún ọ, ìyá rẹ kò tíì mọ bó ṣe tó. Mi ò sí nílé ìwẹ̀. Etí mi ló ń di. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo rò pé àwọn ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu. Nísinsìnyí, bí o bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù ni mò ń gbọ́. Bí ìyá rẹ bá ti gbé fóònù, mo ti ń gbé garawa ìwẹ̀. Ojú ń tì mí. Gbogbo ìgbésí ayé mi, èmi ni mo ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé, "Ṣé o kò gbọ́ ni?"

Lẹ́tà ni mo fi ń gbọ́ ọ. Ìwọ rò pé agídí tíṣà ni bírò pupa. Bí àmì bá wà lórí ọ̀rọ̀, mo mọ ibi tí ohùn rẹ gòkè sí àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀, bíi kí o jókòó tì mí. Èyí tó wá láìlámì yẹn, àfi bíi pé o dúró níwájú mi, tí ẹnu rẹ ń mì, tí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wá gbọ́ ohun tí o kò sọ.

Kọ̀wé sọ ohun tí ọ̀gá rẹ wí. Ẹ̀rù ń bà mí.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà méjèèjì yín tẹ̀léra. Èyí àkọ́kọ́ mú mi rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Èyí kejì, mi ò lè sọ fún yín bó ṣe ṣe mí. Ọkọ mi ló gba ìwé lọ́wọ́ mi, tó fún mi ní omi.

Òun gan-an ti rí fọ́tò. Ó dé ṣáájú ìkìlọ̀ yín. Orí tábìlì oúnjẹ ló ti ṣí i, ó yí i padà, ó ka ohun tí ìyá rẹ̀ kọ sẹ́yìn: "Èyí kì í ta ọkọ." Ó bi mí pé, "Kí ni mo ṣe?" Mo ní mi ò mọ̀. Ọjọ́ kan gbáko ni kò bá mi ṣàwàdà, ó rò pé èmi ni mo lọ fẹjọ́ òun sùn. Àfìgbà tí lẹ́tà yín dé tí mo kà á sí i létí. Ní báyìí, bí mo bá ti ní kó fọ abọ́, á ní kí n rọra, kí n má ta òun.

Ọ̀gá mi kò lé mi. Ó bi mí pé, "Ta lo ń kọ lẹ́tà sí tó gba gbogbo wàhálà yìí?" Mo ní bàbá mi. Ó ní, "Ṣé ó ń fèsì?" Mo ní ó ń fèsì, ó sì ń dá tèmi padà pẹ̀lú bírò pupa. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fún mi ní ìyà tèmi: kí n lọ sí gbogbo ilé ìtajà náà lẹ́sẹ̀ mi, kí n bẹ̀ wọ́n, kí n má sì fi agbára ti ohunkóhun wọ ẹ̀rọ tuntun mọ́. Oníkọ́tìnnì fi ẹ̀rọ rẹ̀ tó kú hàn mí. Olódòdó fún mi ní òdòdó.

Mo wá jókòó, mo tú ẹsitẹ́ńṣọ̀n àtijọ́ palẹ̀ láti mọ èyí tó ṣì wúlò. Bàbá, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló lọ. Ọ̀nà tó ń gbà béèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ tuntun kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀nà tó ń gbà yàwòrán àmì, tuntun ní tirẹ̀ tó dára jù ú lọ. Mo pa wọ́n rẹ́, ó dùn mí, mo tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ti àtijọ́ bọ́ sínú tuntun láìfarapa ni àkójọ ọ̀rọ̀, níbi tó ti ń wo bí a ṣe ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó jọ látinú àwọn lẹ́tà tí ẹ dá padà. Ohun tí ẹ bá yí ni mo máa ń fi kún un. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, èmi kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni.

Ẹ lọ rí dókítà etí. Mo ti sọ fún ìyá mi lórí fóònù, ẹ má bínú. Wọ́n pariwo mọ́ mi, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe sunkún. Wọ́n ní àwọn rò pé ẹ ò fẹ́ dá àwọn lóhùn mọ́ ni.

Ọmọ yín,
Àbígbẹ̀yìn


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Àbígbẹ̀yìn mi,

Má bínú pé mo pẹ́. Wọ́n mú mi lọ sí ọsibítù bí ọmọ ilé ìwé, ìyá rẹ lọ́tùn-ún, àna wa lósì. Dókítà wo etí mi, ó ní kò ní padà bí tàtijọ́, ṣùgbọ́n ó fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tí mò ń kì bọ̀ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí kòkòrò bá wọ ibẹ̀. Mo fẹ́ yọ ọ́ dà nù lọ́jọ́ kìíní. Ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú.

Ayé pariwo, ọmọ mi. Ilẹ̀kùn ń ké. Bàtà mi ń ké. Àwọn ìyá yín méjèèjì, ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń sọ lójú mi láti oṣù bíi mélòó kan, wọn kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Mo jókòó, mo fetí sí gbogbo rẹ̀ kí n tó sọ fún wọn pé mò ń gbọ́. Àna wa sá jáde.

Mo gbọ́ ọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, o kò sì mọ̀ pé mi ò lè fèsì nítorí omijé. Ṣùgbọ́n má dẹ́kun lẹ́tà.

Ní àárọ̀ yìí, mò ń ka ìwé ìròyìn, mo gbọ́ ohùn kan láti ilé ìdáná. Mo rò pé rédíò ni. Mo dìde lọ wò ó. Ìyá rẹ ni, ó ń fọ abọ́, ó ń kọrin. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ojoojúmọ́." Ọmọ mi, ohùn rẹ̀ kò dára rárá, ó sì ṣi ọ̀rọ̀ orin náà ní ibi mẹ́ta. Mo fa àga, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Bàbá rẹ